Táǹkì Ìyá Chilekwa

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1998, Akọ̀wé Ìlú ránṣẹ́ pe Yotamu Nzima sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó sọ fún un lójú mi pé ó lè máa bá iṣẹ́ àtúnṣe ilé rẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dí iṣẹ́ panápaná lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú ìlú Lukanda bá fi ẹjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sun káńsù, aṣọ panápaná yóò kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹjọ́ mélòó, sà?" Yotamu bi í.

"Ẹyọ kan. Kódà kó jẹ́ ìkọ́ ilẹ̀kùn ló yẹ̀."

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Òrùlé ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìlú ń jò sínú korobá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀. Yotamu wo òrùlé, ó wo korobá, ó la ẹnu. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, ó sì pa ẹnu dé.

Èmi àti Yotamu la jọ wà ní ibùdó panápaná. Òun ni olórí wa, èmi ni mo ń jókòó ti tẹlifóònù. Wọ́n ń pè mí ní Tíṣà nítorí pé mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí. Ọdún yẹn le fún wa. Bùútù kò kárí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ ló ń wọ̀ ọ́, ẹni tó bá pẹ́ á fi sálúbàtà paná. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kan jó lẹ́bàá ojú irin, sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ òsì yọ́ mọ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni mo wọ̀ délé, ìyàwó mi sì bi mí bóyá mo ti fi ọ̀kan ta ẹnì kan lọ́rẹ.

Ọkọ̀ panápaná kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ gbogbo ilé tó wà ní Lukanda. Ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbá ti kú tipẹ́, nítorí náà ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la máa ń gbé e sí, kí a lè tì í, kó yí lọ sísàlẹ̀, kó sì gbá lójú ọ̀nà. Búréèkì ọwọ́ kò sí. Awakọ̀ á fi í sínú jíà, á sì gbàdúrà.

Iṣẹ́ àtúnṣe ilé bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjọba ní kí káńsù ta àwọn ilé rẹ̀ fún àwọn tó ń gbé inú wọn. Ẹni tó sùn ní ayálégbé jí ní onílé, ojú onílé sì ń rí ohun tí ojú ayálégbé kì í rí. Páànù tó ti ń jò láti ayé àwọn òyìnbó di ohun ìtìjú lójijì. Gbogbo ènìyàn ń fẹ́ ilẹ̀kùn tuntun, ògiri yí ilé ká, táǹkì omi. Owó oṣù tiwa sì ń pẹ́ ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Yotamu mọ irin í jó pọ̀, ó mọ páànù í kàn, ó sì ní ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n ń jẹun bí ọkùnrin. Ó kọ pátákó kan: NZIMA ATÚNLÉṢE, KÒ SÍ OHUN TÓ BÀJẸ́ JÙ. Tẹlifóònù kò sí nílé rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà ibùdó panápaná ló kọ sí ìsàlẹ̀ pátákó.

Láti ìgbà náà, bí tẹlifóònù bá dún, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Ṣé iná ni, àbí ẹ̀rọ omi?"

Ìyàwó olùkọ́ kan dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀rọ omi ni, ṣùgbọ́n ẹ yára, ọkọ mi ti ń jó bí iná."

Akọ̀wé Ìlú ní kí Yotamu pa nọ́ńbà náà rẹ́. Ó fi ẹfun kùn ún. Òjò ọ̀sẹ̀ kejì fọ̀ ọ́ mọ́, nọ́ńbà sì tún ń tàn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Yotamu kò ka ìkìlọ̀ náà sí. Iṣẹ́ àtúnṣe ilé ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n panápaná ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbálẹ̀ títí ó fi kú níbi ìwakùsà tí wọ́n ti tì pa báyìí, wọn kò sì pè é ní nǹkan kan jù "ìwọ yẹn" lọ. Ọmọ rẹ̀ wá ń wọ aṣọ tó ní bọ́tìnnì idẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Yotamu á fi eérú nu àwọn bọ́tìnnì náà kó tó wẹ ojú ara rẹ̀. Bí ó ti kúrò ní ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìlú lọ́jọ́ náà, ó sọ fún mi pé, "Tíṣà, láti òní lọ, bí mo bá kan ìṣó kan, màá kàn án lẹ́ẹ̀mejì."

Iṣẹ́ tó gbà tẹ̀ lé ìyẹn ni ti Ìyá Chilekwa.

Opó ni Ìyá Chilekwa. Ó ń ta munkoyo, ohun mímu tútù tí wọ́n ń fi àgbàdo àti gbòǹgbò igi ṣe, omi sì kì í yọ nínú ẹ̀rọ àdúgbò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Ó ra táǹkì dúdú ńlá kan, ó sì fẹ́ àga irin onẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọn yóò gbé e lé, kí omi lè máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yà Bemba ni. Yotamu jẹ́ ẹ̀yà Ngoni.

Ní tiwa níbí, Ngoni àti Bemba kì í kí ara wọn, èébú ni wọ́n ń bú ara wọn. Àwọn baba ńlá wọn ti ja ogun wọn tán, ẹnu ló kù tí àwọn ọmọ fi ń jà á. Mbuya ni wọ́n ń pe ara wọn. Mbuya rẹ lè ṣí fìlà lórí rẹ, ó lè mú ẹran inú àwo rẹ jẹ, o kò gbọdọ̀ bínú. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Bemba á ní eku ni Ngoni ń jẹ, Ngoni á ní ọ̀bọ ni Bemba ń jẹ, òótọ́ sì wà díẹ̀ nínú méjèèjì. Lenje ni mí, mo kàn ń wò wọ́n ni.

Kò sí mbuya méjì tó dán mọ́rán tó àwọn méjèèjì yìí. Nígbà tí ọkọ Ìyá Chilekwa kú, kí wọ́n tó gbé pósí dé ibojì, Yotamu ti bọ́ sínú sàréè, ó nà gbalaja síbẹ̀. Ó ní ilẹ̀ náà tutù lára òun, òun kò ní dìde fún Bemba kankan. Ìyá Chilekwa, tó ti ń sunkún láti ìdájí, yọjú wò ó nínú ihò.

"Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi eku kan tì í, kí ebi má pa á lọ́nà."

Àlùfáà pàápàá yí ojú sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ìyá Chilekwa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó máa ń sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí òun lè rìn padà sílé.

Nígbà tí Yotamu wá gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹsẹ̀ àga táǹkì, mo bá a lọ nítorí pé ọjọ́ ìsinmi wa ni. Ó yan igun àgbàlá tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dáná munkoyo. Ìyá Chilekwa jáde, ó mú ọpọ́n lọ́wọ́.

"Mbuya, ibi tí o fẹ́ gbẹ́ yẹn, kòtò ìdọ̀tí wa àtijọ́ wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀," Yotamu ní, kò gbé ojú sókè. "Egungun gbogbo ọ̀bọ tí ẹ ti jẹ láti ìgbà òmìnira ló kún inú rẹ̀. Irin mi á rí nǹkan líle dúró lé."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀, Ìyá Chilekwa ìbá tún un sọ. Ṣùgbọ́n Bemba wo ni wọ́n á ju irú ọ̀rọ̀ yẹn lù, tí kò ní jù ú padà?

"Bí o bá rí eku níbẹ̀, mbuya, ṣe sùúrù, parí iṣẹ́ kí o tó jẹun."

Àwọn aládùúgbò tó wà lórí ògiri pàtẹ́wọ́. Yotamu mi orí, ó gbà pé ó dùn. Orí ẹ̀rín yẹn ni wọ́n da sìmẹ́ńtì lé.

Àga náà dára lójú. Irin tí wọ́n tú níbi ìwakùsà ló fi ṣe é, ó ga ju òrùlé lọ, ó kùn ún ní pupa panápaná. Lóòótọ́, ọ̀dà panápaná ni. Omi kún táǹkì, munkoyo pọ̀ sí i, òjò oṣù kẹta sì ń rọ̀ lójoojúmọ́.

Kò pẹ́ tí Ìyá Chilekwa fi yọ sí ibùdó wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ mú ìbàdí.

"Ngoni! Táǹkì tí o gbé kọ́ sílé mi ti ń tẹ̀ bí ọ̀mùtí."

Yotamu ń ká ọ̀pá omi onírọ́bà. "Ó rí ẹni tó dá a ni. Ó ń tẹrí ba fún mi láti òkèèrè."

"Mo ní ó ń tẹ̀ o!"

"Ẹ̀yin Bemba, orí igi lẹ ti máa ń wo nǹkan, ohun gbogbo gbọdọ̀ máa mì lójú yín. Sọ̀kalẹ̀ sílẹ̀ bí ènìyàn, o ó rí i pé ó dúró ṣánṣán."

Àwọn panápaná lu àgbá pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ìyá Chilekwa kó tó rántí ohun tó bá wá. Nígbà tó rántí, ó tún fún ojú pọ̀, ṣùgbọ́n a ti rí eyín rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́ mọ́.

Ó tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ sì ní inú òun dùn láti rí i pé àṣà àwọn baba kò kú. Ó sọ ọ́ lójú ọjà, ẹni tó ń ta ẹja gbẹ fún un ní ẹ̀bùn ẹja nítorí bí ó ṣe pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹsẹ̀ kan àga náà ti wọlẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Yotamu ní ẹsẹ̀ náà ń wá eku.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti Yotamu wà lábẹ́ igi níwájú káńsù nígbà tí a rí i tó ń bọ̀, ó di gèlè, ó wọ bàtà. Ó kọjá lára wa láìbú ẹnikẹ́ni, ó wọlé.

"Tíṣà, ibo ló ń lọ yẹn?"

"Ó jọ pé ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìlú ni."

Àwọ̀ ojú Yotamu yí padà. A yí gba ẹ̀yìn ilé, a dúró lábẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ògiri, ọwọ́ kejì di bọ́tìnnì òkè mú.

"Sà," a gbọ́ ohùn Ìyá Chilekwa, "mo wá fi ẹjọ́ Yotamu Nzima sùn. Táǹkì tó gbé kọ́ fún mi fẹ́ ṣubú. Yóò pa ènìyàn."

A gbọ́ tí Akọ̀wé Ìlú ṣí ìdérí kálàmù rẹ̀. Yotamu dijú.

"Orúkọ yín, ìyá?" Ó sọ ọ́. A gbọ́ tí Akọ̀wé Ìlú dé kálàmù padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bemba ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú táǹkì?"

"Nzima sì jẹ́ Ngoni."

"Sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀—"

Ẹ̀rín Akọ̀wé Ìlú bú jáde. A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé Lukanda. "Ìyá, Lozi ni mí! Ọjọ́ ìgbéyàwó mi, àwọn Tonga, mbuya wa, gbé ìyàwó mi pamọ́ títí oúnjẹ fi tutù. Mo mọ̀ yín! Ẹ fẹ́ kí n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ lè rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Sà, mo fi Ọlọ́run búra."

"Hẹ̀! Ó tún ń búra! Ẹ gbé tíì wá fún ìyá yìí."

Nígbà tó jáde, Yotamu dúró dè é, ó ń nu òógùn. "Mbuya, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Gbogbo èyí tí o ti ṣe láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó dùn tó eléyìí."

Ìyá Chilekwa tún gèlè rẹ̀ dì. "Nílẹ̀ yìí," ó ní, "bí Ngoni bá ń rì sómi, tí Bemba bá ké pé ẹ gbà á, wọ́n á ní orin ló ń kọ."

"O ò rí i? Òun nìyẹn tún!" Yotamu ní, ó sì fọwọ́ gbá itan.

Ìyá Chilekwa rò ó títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ó hàn lójú rẹ̀. Ó dé ibùdó wa ní àárọ̀. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú Yotamu, ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kí ọba.

"Ọ̀gá Nzima, ẹ káàárọ̀, sà. Mo bẹ̀ yín, nítorí àwọn ọmọ yín, ẹ wá wo táǹkì tí ẹ ṣe fún mi. Mi ò bú yín mọ́. Ẹ ṣàánú mi, sà."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ilé. Awakọ̀ wa ṣubú lu ọ̀pá omi. Omijé ń ṣàn lójú Yotamu, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀.

"Ẹ gbọ́! Ẹ bá mi gbọ́! Bemba pe Ngoni ní 'sà'! Ó kúnlẹ̀! Mbuya, dìde, o ti borí. Mo túúbá. N kò ní èyí tí màá fi san án."

Enelesi, ìyàwó Yotamu, tó gbé oúnjẹ wá fún un, kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Melia," ó ní, "obìnrin yìí ń sunkún."

"Mbuya tó dáńtọ́ ni. Ngoni ni ìwọ náà, kí lo mọ̀ nípa ẹkún Bemba?"

Ìyá Chilekwa dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára tẹlifóònù orí tábìlì mi.

"Tíṣà, bí ènìyàn bá pe nọ́ńbà yín, ṣé dandan ni kí ẹ wá?"

"Dandan ni, ìyá. Òfin ni."

"Bó bá jẹ́ Bemba ńkọ́?"

"Òfin kò mọ Bemba."

"Ó ṣeun," ó ní, ó sì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, tẹlifóònù dún.

"Ṣé iná ni, àbí ẹ̀rọ omi?"

"Ó ju ẹ̀rọ omi lọ, kò tíì di iná. Ìyá Chilekwa ni. Ẹ máa bọ̀."

Mo lu aago. A ti ọkọ̀, ó yí, ó wúkọ́, ó gbá. Yotamu dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú akoto lórí, ó ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀nà. Ó ní irú mbuya báyìí yẹ kí ìjọba fún ní àmì ẹ̀yẹ.

Àgbàlá Ìyá Chilekwa tẹ́jú níbi gbogbo, àyàfi ọ̀nà tóóró kan tó ṣe gẹ̀rẹ́ sọ́nà títì. Ọ̀nà tóóró náà gba abẹ́ táǹkì kọjá. Bí a bá gbé ọkọ̀ sí ibòmíràn, ibẹ̀ ni yóò sùn mọ́jú. Awakọ̀ wa gbé e síbẹ̀, ó fi í sínú jíà, ó gbàdúrà.

"Ẹ má gbé e síbẹ̀!" Ìyá Chilekwa ń pariwo. "Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ rẹ̀!"

"Ìyá, ẹ rọra," awakọ̀ ní. "Èmi kì í ṣe mbuya yín."

Mo wo àga táǹkì náà. Ó tẹ̀ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ tó wà lápá ibi ìdáná ti wọ inú ilẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, sìmẹ́ńtì ìdí rẹ̀ sì ti là. Mo sọ ọ́ fún Yotamu.

"Tíṣà, ó ti kó ọ mọ́ra," ó ní.

Àdúgbò ti pé. Àwọn kan ra munkoyo, wọ́n jókòó. Ìyá Chilekwa di apá Yotamu mú. "Kọ́kọ́ jẹ́ kí a tú omi inú rẹ̀ dànù. Mo yọ̀ǹda rẹ̀."

"Dànù? Omi tí o fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbà? Mbuya, eré yìí ti fẹ́ ná ọ lówó jù. Jẹ́ kí n bá ọ parí rẹ̀."

Ó gbé àkàsọ̀ ti irin, ó gùn ún lọ sókè pẹ̀lú bùútù àti akoto àti bọ́tìnnì idẹ rẹ̀ lódindi. Ó dúró létí àga náà, ó fi ọwọ́ kan gbá táǹkì mọ́ra bí ìyàwó.

"Ẹ̀yin ará Lukanda! Mbuya mi ní nǹkan yìí yóò ṣubú. Ṣé ohun tí Ngoni bá gbé ró ń ṣubú bí?"

"Rárá o!" wọ́n dáhùn.

Ó fi ẹsẹ̀ lu irin kan. Irin dákẹ́. Wọ́n hó. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé orin ijó àwọn jagunjagun Ngoni, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́ sí i. Èmi mọ̀ pé Yotamu kò ní lè gbọ́ orin yẹn kó dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé orúnkún sókè dé àyà, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìkejì. Irin dún bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. Omi inú táǹkì ń dáhùn, gbọ̀ọ̀, gbọ̀ọ̀.

"Yotamu!" Ìyá Chilekwa ké.

Yotamu dúró, ẹsẹ̀ kan wà lókè. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, Ìyá Chilekwa ti pè é ní Ngoni, ó ti pè é ní ajẹku, ó ti pè é ní "sà". Mbuya kì í pe mbuya lórúkọ báyẹn.

"Kí lo pè mí?" ó bi í láti òkè.

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ irin náà wọ inú kòtò ìdọ̀tí, wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ti ọwọ́ bọ òkèlè nshima gbígbóná. Àga tẹ̀. Táǹkì dúró díẹ̀ lórí ìdí rẹ̀ bí ẹni tó ń ro nǹkan, ó sì lọ. Yotamu fò sí ọ̀nà kejì, ó balẹ̀ sínú ebè ànàmọ́ ẹni tó múlé tì í. Táǹkì bọ́ lé ọkọ̀ panápaná lórí, ó fọ́ gíláàsì, ó tẹ orí ọkọ̀ mọ́ àga awakọ̀, ó là, omi sì bò wá mọ́lẹ̀. Awakọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ lọ mu munkoyo, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ọkọ̀ náà mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó tì í. Ní ìdajì ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbá. Ó sáré kọjá títì, táǹkì tó ti là lé e lórí bí fìlà, àwọn tó wà lódìkejì ọ̀nà sì ń ṣíwọ́ fún un nítorí wọ́n rò pé iná kan ló ń lọ pa. Ó lọ gbá ògiri àtijọ́ ibi ìwakùsà. A gbọ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì.

Yotamu jókòó nínú ẹrẹ̀, ewé ànàmọ́ lórí akoto rẹ̀. Kò fara pa. Àwọn tó wà lórí ògiri ṣì ń pàtẹ́wọ́.

"Mbuya," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "o ò ṣeré?"

"Láti oṣù kẹta," Ìyá Chilekwa ní. Ó jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé kúrò lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Akọ̀wé Ìlú pe Yotamu, Ìyá Chilekwa ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Sà, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Mbuya mi ni. Eré ni mo ń bá a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n, ẹ fún mi ní tíì lé e. Táǹkì mi, mo ti ń fẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ga jù. Àwọn Ngoni, sà, bí wọn ò bá fọ́ nǹkan, wọn kì í sùn. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Akọ̀wé Ìlú kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá," ó ní, "nígbà tí ẹ gbé ẹjọ́ wá, mo ní eré ni. Nísinsìnyí tí ẹ gbé eré wá, mo rí i pé ẹjọ́ ni."

"Ẹjọ́ ta ni, sà? Ta ló fi í sùn? Ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Ọkọ̀ káńsù ló fi í sùn."

Ìyá Chilekwa wá èsì. Mo rí i tó ń wá a kiri. Gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn nìkan ni kò rí nǹkan sọ. Yotamu gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Mbuya, ó tó," ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé Ìlú.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, Yotamu Nzima ká aṣọ panápaná rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì mi, mo sì fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Ó ti wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá. Lukanda kò ní ọkọ̀ panápaná mọ́.